Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Eré-Ìje Nínú Bọ́ọ̀sì Onígíláàsì

Bí ọkùnrin kan bá nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀, tí ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló kù, ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé kì í ṣe nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló kù. Ìyàwó náà mọ̀. Ajórin, ọ̀rẹ́ ọkùnrin náà, tó jókòó sórí táyà tó ń jẹ búrẹ́dì, mọ̀. Kódà nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ mọ̀, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ó yí gbirigbiri lọ sínú epo dúdú tó dárogún sílẹ̀, ó sì fara pamọ́ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń wá kiri.

"Olówó orí mi," ni ìyàwó wí. Ìgbà tí inú bá ń bí i nìkan ló máa ń pe ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Bàbá mi ti múra."

"Mo gbọ́."

"Wọ́n ti dé fìlà."

"Mo ní mo gbọ́."

"Láti àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti dé e. Wọn ò jẹun. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ Káfíńtà làwọn ti máa jẹun. Bí ebi bá gbé bàbá mi ṣubú lórí àga iwájú ilé, ìwọ lo máa ṣàlàyé fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi."

"Nọ́ọ̀tì kan," ni ohùn dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀.

Ajórin gbé búrẹ́dì mì. "Ìyàwó wa, ẹ má dá a lóhùn. Nọ́ọ̀tì kan yẹn, láti ìgbà òjò ló ti kù."

Ìjì ni wọ́n ń pe ọkùnrin abẹ́ ọkọ̀ yìí. Kí a sọ òótọ́, òun ló kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tún kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tó pẹ́, ó rẹ àwọn ènìyàn láti máa bá a jiyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yọ ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀ kúrò nínú bọ́ọ̀sì àtijọ́, kí ó sì ki ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré-ìje bọ̀ ọ́ nínú. Àwọn tó ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ: ọkùnrin tí irun ti ń kúrò níwájú orí wọn ni gbogbo wọn, tí wọ́n fẹ́ kí nǹkan kan tó dàgbà tó wọn ṣì lè sáré.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tòní kì í ṣe ti oníbàárà. Ti bàbá ìyàwó rẹ̀ ni. Onígíláàsì ni bàbá náà nígbà tí apá rẹ̀ ṣì lágbára. Ó máa ń gé gíláàsì, ó máa ń gbé e mọ́ ara pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀, á sì rọra gbé e lọ síbi tí Káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá ti kan férémù fèrèsé sílẹ̀ dè é. Báyìí, Káfíńtà ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń bọ̀ wá kó o lọ sí ìlú mìíràn lọ́la. Bàbá Onígíláàsì fẹ́ fi bọ́ọ̀sì náà lọ kí i lónìí, bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn. Ọjọ́ tó béèrè ohun tó fẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn.

"Ọ̀gbẹ́ni, bá mi jí ọkọ̀ yẹn dìde. Kí ó ṣáà máa lọ jẹ́jẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, torí òun ló ń jẹ Ìjì lọ́kàn bí ikán. Bàbá Onígíláàsì máa ń pe ọkùnrin tó ń gbé gáàsì wá sílé ní "ọmọ mi." Ó ń pe nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní "ọmọ mi." Ajá aládùúgbò, tó máa ń wá tọ̀ sí ìdí àga rẹ̀, "ọmọ mi" ni. Ṣùgbọ́n ọkọ ọmọ rẹ̀, tó fún un ní yàrá tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀, tó ń jókòó bá a jẹun lójoojúmọ́, Ọ̀gbẹ́ni ni. "Ọ̀gbẹ́ni, bá mi mú iyọ̀ wá." "Ọ̀gbẹ́ni, o dúró dí mi níná." Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ìbá sàn bí ìbínú bá wà níbẹ̀, ènìyàn a máa bẹ ẹni tínú ń bí. Bí a ṣe ń pe ẹni tó jókòó tì wá nínú ọkọ̀ èrò, tí yóò sọ̀ kalẹ̀ láìpẹ́, ni bàbá ṣe ń pè é.

Ìjì ti gbìyànjú. Ó ra bàtà fún bàbá. Bàbá ní, "O ṣé, Ọ̀gbẹ́ni." Ó gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ó dúró dè é ní gbogbo ọjọ́. Nígbà tí wọ́n fi awò tuntun sójú bàbá, bàbá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Háà, Ọ̀gbẹ́ni, o ti sanra." Nítorí náà, nígbà tí bàbá ní kí ó jí ọkọ̀ dìde, "jí" ni Ìjì gbọ́. Kò gbọ́ "jẹ́jẹ́."

Ó ti rí i lójú ọkàn rẹ̀ bí yóò ṣe rí. Wọn á dé ìsàlẹ̀ òkè tó lọ sílé Káfíńtà, òkè tí bọ́ọ̀sì yẹn máa ń fi ikọ́ àti ìmí ẹ̀dùn gùn láyé ọjọ́un. Òun á tẹ iná mọ́ ọn. Ẹ̀yìn bàbá á lẹ̀ mọ́ àga. Fìlà á fò. Nígbà tí wọ́n bá débi tó ga jù, bàbá á yíjú sí i, omi á ti lé ròrò sí i lójú, yálà ti ayọ̀ ni o, yálà ti atẹ́gùn ni, kò kan Ìjì, á sì wí pé, "Ọmọ mi, o káre." Nítorí gbólóhùn kan yìí ni ọkùnrin tó lọ́gbọ́n lórí ṣe gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré-ìje sínú bọ́ọ̀sì tí kò gbé nǹkan rí ju gíláàsì lọ.

Ojú rẹ̀ rí màbo. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò mu omi, tuntun ń mu omi, ni ó bá wá àyè fún rédíétọ̀ níwájú, ó fa rọ́bà omi gba abẹ́ ọkọ̀ láti imú dé ìdí, níbi tí ẹ́ńjìnnì irú bọ́ọ̀sì yìí máa ń wà. Ẹ́ńjìnnì ga ju ihò tó fẹ́ kì í sí lọ, wọ́n gé ilẹ̀ ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe gé e tán, Ajórin ní egungun ọkọ̀ ti dẹ̀, ó jó irin mọ́ ọn. Iná tó fi jó irin jó wáyà. Wọ́n pààrọ̀ wáyà. Búréèkì àtijọ́ kò lè dá irú agbára bẹ́ẹ̀ dúró, wọ́n pààrọ̀ búréèkì. Táyà kò gba búréèkì, wọ́n pààrọ̀ táyà. Ìyàwó rẹ̀ wá bá wọn lọ́jọ́ kan, ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó ní ó jọ pé ohun tó máa ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ bàbá òun kò ní ju fèrè lọ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Ìjì ṣe ohun tí irú wọn kì í lè mọ́ra kí wọ́n má ṣe. Ó kùn ún. Kì í ṣe ìta bọ́ọ̀sì ló kùn o. Inú ẹ̀yìn ló kùn, níbi tí àwọn tó mọyì iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ wò. Ó fi ọ̀dà tó ń dán bíi fàdákà kun ẹ́ńjìnnì àti àpótí gíà, nígbà tí ọ̀dà sì ṣẹ́ kù nínú agolo, ó kun gbogbo ohun tí a fi irin ṣe tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ife tíì Ajórin wà lára wọn. Lánàá, wọ́n gbé ìdí bọ́ọ̀sì sórí jáàkì, wọ́n tan án fún gbogbo àdúgbò gbọ́. Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí, ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́. Oníbúrẹ́dì wá. Tíṣà tó ń gbé òdìkejì wá. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, àwọn ọkùnrin pa ojú dé kí wọ́n lè gbádùn ohùn rẹ̀. Táyà ń yí bí ẹni tí ikú ń lé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó wo apá ibi tí táyà ń yí sí.

Lónìí wàyí, wọ́n rí nọ́ọ̀tì. Wọ́n dè é. Bí wọ́n ṣe dè é tán, rọ́bà omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó. Ìjì fún un pa, ó kán níbòmíràn. Ó fún ibòmíràn yẹn náà pa, omi fọ́n yàà, ó sì rin ṣòkòtò funfun tí ó wọ̀ sábẹ́ ẹ̀wù iṣẹ́ nítorí fọ́tò.

"Ṣé kò tíì tó?" ni ìyàwó béèrè. Ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń gbé lọ fún Káfíńtà lé orí tábìlì, ó tún ti gbé e kúrò, torí epo. "Mo lè pe takisí."

"Takisí! Kí bàbá yín fi takisí lọ, nígbà tí èmi wà láyé?"

"Bàbá mi sọ ohun kan náà. Ọkọ̀ àwọn ni àwọn fẹ́ fi lọ. Ẹ̀yin méjèèjì jọ ara yín, ẹ ò kàn mọ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Ìjì nínú ju bó ti yẹ lọ. Ó rọ́ rọ́bà pa, ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, ó nu ojú.

Bàbá Onígíláàsì rìn wọlé fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun lápá mú. Ó yí bọ́ọ̀sì náà po. Ó fọwọ́ pa pákó tó máa ń gbé gíláàsì mọ́, èyí tí Ìjì fi yanrìn ha títí ó fi ń dán.

"O fi pákó mi sílẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni."

"Mo fi í sílẹ̀, bàbá."

"Hmn," ni bàbá wí, ó sì gun ọkọ̀.

Ìyàwó wọ ẹ̀yìn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti tò sẹ́bàá ọ̀nà. Oníbúrẹ́dì gbé fóònù sókè láti ya fídíò. Ìjì wọlé bí ọba tó ń gorí àpèrè, ó tan ọkọ̀, ariwo gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù kan, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó wọ gíà kìíní, ó rẹ́rìn-ín sí fóònù oníbúrẹ́dì. Ó yọ ẹsẹ̀.

Bọ́ọ̀sì fò sẹ́yìn, ó lọ kọ lu òkìtì táyà.

Apẹ̀rẹ̀ dojú dé. Níta, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì ràn án lọ́wọ́.

"Gíà tuntun ni," ni Ìjì wí. "Ó ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́." Ó wò ó dáadáa lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n kọ nọ́ńbà kìíní dé ìkarùn-ún sórí gíà náà, wọ́n sì kọ lẹ́tà tó dúró fún ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ lọ́tọ̀. Ó wọ kìíní. Bọ́ọ̀sì tún lọ sẹ́yìn.

"Ìjì! Wọ iwájú!" ni Ajórin kígbe.

"Iwájú ni mo wọ̀!"

"Ìwọ àti ta ni?"

Ó fi ìbínú wọ gíà kejì. Kejì lágbára ju kìíní lọ. Ó gbé wọn dé ara ògiri, pákó tí wọ́n fi ń gbé sípánà kọ́ já wálẹ̀ gbàràgàdà, sípánà sì ń bọ́ lórí òrùlé ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka nǹkan.

Bàbá Onígíláàsì tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ọ̀gbẹ́ni," ni ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé a ti dé ni?"

Ìjì sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wo nǹkan kékeré kan. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, Ajórin dọ̀bálẹ̀ tì í, àwọn méjèèjì sì wo àpótí gíà tó ń dán gbinrin náà bí ẹni ń wo òkú ojúlùmọ̀.

Ohun tí wọ́n rí kò ṣòro. Ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì yẹn, iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń wà. Bí a bá gbé e lọ sí ìdí bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ló máa kọjú sí. Nítorí náà, ẹni tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ tú àpótí gíà, kí ó yí eyín irin ńlá inú rẹ̀ tó ń yí táyà padà sódìkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iwájú á di ẹ̀yìn, ẹ̀yìn á sì di iwájú. Ìjì mọ èyí. Òun ló máa ń fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó sì ní irú ẹ̀rín kan tó máa ń rín sí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ti tú àpótí gíà bọ́ọ̀sì bàbá, ó ti yí eyín rẹ̀ padà, ó fi ẹfun fa ìlà funfun sí i lára kí ó má baà ṣì í mú. Àpótí gíà kejì tó jọ ọ́, ti oníbàárà kan tí ọkọ̀ tirẹ̀ kò nílò ìyípadà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kun àwọn méjèèjì ní ọ̀dà.

Ajórin lọ sí igun ṣọ́ọ̀bù, ó fi èékánná ha àpótí tó wà níbẹ̀. Fàdákà ṣí. Ìlà funfun yọjú.

"Ó dán o," ni Ajórin wí. "Mi ò lè purọ́. Ó dán."

"Dákẹ́."

"A máa sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Lọ́la, lọ́túnla..."

"Mo ní kí o dákẹ́, bàbá ń gbọ́!"

"Bàbá ń gbọ́ kẹ̀? Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Wọ́n ti gbé e sórí fóònù." Ajórin wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, àánú ṣe é díẹ̀, kò pọ̀. "Ìjì, o ti ṣe bọ́ọ̀sì tó yára jù lọ láyé. Ọ̀nà tí ó ń gbà lọ nìkan ló kù díẹ̀ káàtó."

Ìjì dìde. Lọ́la, Káfíńtà á ti lọ. Lọ́la, Ọ̀gbẹ́ni ni òun á ṣì máa jẹ́, títí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì á fi kú. Ó ronú, orí rẹ̀ sì sọ ohun tí orí ẹni tí wàhálà bá ká mọ́ máa ń sọ: bí iwájú bá ti di ẹ̀yìn, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ti di iwájú. Ó wọlé padà. Ó yọ áńkáṣífì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí gíà bí ẹni tó ń nu òógùn ọwọ́, kí bàbá má baà rí èyí tó fẹ́ wọ̀, ó sì wọ gíà ẹ̀yìn.

Bọ́ọ̀sì gbéra síwájú. Wọ́n jáde sí títì, àwọn ènìyàn hó yèè.

Wọ́n hó, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn tẹ̀lé wọn, láìṣe wàhálà, torí gíà ẹ̀yìn kò sí fún eré. Ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, ọkọ̀ sì ń lọ bí ìyàwó tuntun. Ìjì tẹ iná sí i, ariwo ló pọ̀, ìrìn kò pọ̀. Tíṣà tó ń gbé òdìkejì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dé ìyànà, ó kí bàbá, ó béèrè àlàáfíà, ó gbọ́ ìdáhùn tán pátápátá, ó sì yà sílé tirẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ kan kọjá wọn. Ìyá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn fẹ́ sọdá níwájú wọn, ó dúró wò wọ́n, ó ṣírò ọ̀rọ̀ náà, ó sọdá, ó rántí nǹkan kan, ó tún padà sọdá.

Lẹ́yìn wọn, ọkọ̀ ti tò lọ bíi èèrà. Fèrè ń dún. Ọkùnrin kan yọ orí jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú? Ṣé òkú lẹ ń sin ni?"

"Bàbá àgbà wà nínú ọkọ̀!" ni Ìjì pariwo padà.

"Àwọn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n wà á!"

Òógùn ń ṣàn sínú kọ́là rẹ̀. Gbogbo ohun tó ti ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bú, ó ń gbóná, agbára tó lè gbé ilé kan nídìí wà níbẹ̀, kò sì lè kọjá ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ó ń wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí omi ṣe gbóná tó, kò wo nǹkan mìíràn. Nítorí náà, ó pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé bàbá ń sọ̀rọ̀.

"Ìyẹn," ni bàbá ń wí, ó nawọ́ sí fèrèsé òkè ilé kan. "Èmi ni mo fi sí i. Ọjọ́ yẹn, ẹ̀fúùfù ń fẹ́, èmi àti Káfíńtà la jọ dì í mú bí ẹni di ewúrẹ́ mú." Wọ́n rọra dé iwájú ilé ìtajà bàtà. "Ìyẹn náà. Wọ́n ti fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un ṣe." Wọ́n dé ilé ìwé. "Gbogbo ìyẹn. Gbogbo rẹ̀, láti ibí dé ọ̀hún. Wò ó, ọmọ mi obìnrin, ìwọ lo bá mi gbé àtùpà dání nígbà tí mò ń gé àwọn tó wà nísàlẹ̀ yẹn."

"Mo rántí, bàbá mi," ni ìyàwó wí láti ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Ìjì gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́. Ọ̀nà yìí ló ń gbà lójoojúmọ́, eré ló sì máa ń sá lórí rẹ̀. Kò mọ̀ rí pé fèrèsé wà níbẹ̀. Gíláàsì bàbá wà lápá ọ̀tún, ó wà lápá òsì, oòrùn ń tàn lára rẹ̀ láti ilé dé ilé, bí ẹni pé ẹnì kan ń kí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Bàbá ń dá a lóhùn. Bí ó ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń mi orí sí i.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Bọ́ọ̀sì kò húkọ́, kò sì mí ìmí ẹ̀dùn. Bí ó ti ń lọ ní títẹ́jú ló ṣe ń lọ ní òkè, gbọnmọ, gbọnmọ, bí àgbà tí kò ní ibi tó ń kánjú lọ.

"Èyí dára," ni bàbá wí. "Bí ọkọ̀ gíláàsì ṣe yẹ kí ó máa lọ nìyí. Àwọn tó wà á fún mi nígbà tí ojú mi ń dùn mí, gbogbo wọn ló sáré. Mo sọ fún wọn títí, wọn ò gbọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó gbé ọwọ́ lé apá Ìjì. Ọwọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá. "Ọmọ mi," ni ó wí. "O káre."

Ó bọ́ sétí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, lórí òkè náà gan-an. Kò sí fìlà tó fò.

Bí wọ́n bá bi Ìjì léèrè orúkọ ara rẹ̀ ní àkókò yẹn, á ní láti rò ó.

"Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó máa lọ báyìí ni?" ni bàbá béèrè.

Òtítọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó ti wọ bàtà, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá á rẹ́rìn-ín, ìyàwó á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ó tán. Ṣùgbọ́n "ọmọ mi" ṣì gbóná létí rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, bàbá."

Ìyàwó húkọ́ lẹ́yìn.

"Àní o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é," ni bàbá wí.

Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, ìbá sàn fún un. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ni Ìjì, kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìkùn. "Mo jókòó, mo ro ó dáadáa. Mo ní, kí ni bàbá sọ? Bàbá ní jẹ́jẹ́. Ẹlòmíràn ni, á gbé ẹ́ńjìnnì kékeré sí i. Èmi ní rárá. Ó gba agbára kí nǹkan tó lè rọra lọ. Gbogbo bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ yẹn, bàbá, ńṣe ni mo dá a lẹ́kun. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó rí i ṣe."

"Gbogbo agbára yìí, kí ó lè rọra lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Àti ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan? Tí a lọ bá ògiri?"

"Mò ń dán búréèkì wò ni, bàbá."

Bàbá Onígíláàsì yọ ọwọ́ kúrò lápá Ìjì, ó gbé e lé orúnkún ara rẹ̀, ó sì ń wo iwájú. Ìjì kò ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó ń gùn lọ, ọmọ ni, ọmọ ilé, ó sì ń fi ìka méjì wa ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ti ń gbà gbọ́ látìgbà tí wọ́n ti bí i.

Ilé Káfíńtà wà ní ìparí ọ̀nà, ibẹ̀ ni títì náà ti kú. Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fẹ́ fi kó ẹrù rẹ̀ ti gba ìdajì iwájú ilé, ó ku àlàfo tóóró kan láàárín rẹ̀ àti ògiri, a sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn wọ̀ ọ́. Káfíńtà fúnra rẹ̀ jókòó lókè àtẹ̀gùn. Bí ó ṣe rí bọ́ọ̀sì náà, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú bàbá pé ó pẹ́, pé bí ó ṣe máa ń pẹ́ nìyẹn, pé gíláàsì rẹ̀ kì í tètè dé rí.

Ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, kò wo ojú ọkọ rẹ̀. Bàbá tú bẹ́líìtì. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó wá dúró. Ó yíjú padà, ó nawọ́, ó mú áńkáṣífì kúrò lórí gíà, ó ká a dáadáa, igun mọ́ igun, bí ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wọn nǹkan, ó sì fi í lé Ìjì lọ́wọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni ó wí, "ibẹ̀ yẹn há. Márùn-ún ni gíà tí ọkọ̀ yìí fi ń lọ sẹ́yìn. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni kí o mú."